Ring, Nest tàbí Eufy: níbo ni fídíò ẹnu ọ̀nà yín yóò máa sùn?

Nígbà tí màmá mi wá kí wa ní London láti Ìbàdàn, wọ́n jáde lọ gba atẹ́gùn lọ́jọ́ kan, ilẹ̀kùn bá pa dé mọ́ wọn síta. Wọ́n tẹ aago ẹnu ọ̀nà wa, irú èyí tó ní kámẹ́rà, mo dáhùn lórí fóònù láti ibi iṣẹ́: "Ẹ káàsán, mà." Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n wá tẹjú mọ́ ihò kékeré tó wà lára rẹ̀. "Ṣé inú ibí lo wà ni?" Àtìgbà tí wọ́n ti ń ròyìn rẹ̀ fáyé gbọ́ ni àwọn ẹbí àti ará ṣọ́ọ̀ṣì ti ń bi mí pé èwo ni kí àwọn rà nínú aago Ring, Nest àti Eufy.

Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí kámẹ́rà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń yàwòrán tó dáa lọ́sàn-án, tó sì ṣeé wò lóru. Ohun tí mo máa ń wò ni bí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe di ńlá, torí ohun tó gbé e dé ibẹ̀ náà ni yóò máa bá yín dúnàádúrà lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká mú Ring. Ní 2011, Jamie Siminoff ń ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì rẹ̀ ní Los Angeles, bí àwọn tó ń gbé ẹrù wá bá tẹ aago, kì í gbọ́. Ó so kámẹ́rà mọ́ aago kó lè máa dáhùn lórí fóònù. DoorBot ló pè é. Ní 2013 ó gbé e lọ sórí Shark Tank, ètò tẹlifíṣọ̀n tí àwọn oníṣòwò ti ń wá owó lọ́wọ́ àwọn olówó, ó ní kí wọ́n fún òun ní 700,000 dọ́là, kí wọ́n gba ìdá kan nínú mẹ́wàá iléeṣẹ́ náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló nà án lówó, àdéhùn rẹ̀ le jù, Siminoff kọ̀ ọ́, ó sì jáde lọ́wọ́ òfo. Àmọ́ àwọn tó ń wò ó nílé ti rí i, ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Ó yí orúkọ padà sí Ring ní 2014, Amazon sì rà á ní 2018 ní iye tí ìròyìn sọ pé ó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Lọ́dún yẹn náà ni Shark Tank pè é padà, kó wá jókòó láàárín àwọn olówó tó ń dáni lóhùn!

Lọ́dọ̀ Ring, ẹ̀yìn ọjọ́ tí ẹ ra aago ni owó ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá san owó oṣooṣù, ẹ óò rí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà nísinsìnyí, ẹ óò sì bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn. Kò sí fídíò kankan tí ẹ lè padà wò. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó aago kan kúrò ní £3.49 lóṣù sí £4.99 ní 2024, tàbí £49.99 lọ́dún. Ẹ sọ ọ́ di ọdún márùn-ún: £250 kù díẹ̀. Ó ju ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ń ta aago wọn tó kéré jù lọ.

Wọn kò ṣòro lò, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú aago wọn ni bátìrì rẹ̀ ń yọ jáde, tí ẹ óò gbé e wọlé lọ gba iná. Ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà wọn ni fídíò ń sùn, àwọn òṣìṣẹ́ kan sì ti wo ohun tí kò kàn wọ́n rí: ní 2023, Ring gbà láti san mílíọ̀nù 5.8 dọ́là lẹ́yìn tí FTC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, fẹ̀sùn kàn án lórí ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá rà á, ẹ wọ inú áàpù, ẹ tan ètò tó ń ti fídíò pa kí ẹlòmíì má lè ṣí i. Kì í tan fúnra rẹ̀, yóò sì gba àwọn àǹfààní díẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Nest ní tiẹ̀, ọmọ Apple tẹ́lẹ̀ ni Tony Fadell àti Matt Rogers tó dá a sílẹ̀ ní 2010. Ẹ̀rọ tó ń ṣètò ooru ilé ni wọ́n kọ́kọ́ tà, ní 249 dọ́là. Google rà wọ́n ní 2014 ní bílíọ̀nù 3.2 dọ́là, 2018 ni aago ẹnu ọ̀nà tó dé. Ọpọlọ ni agbára rẹ̀: ó mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ajá, ó mọ páálí ẹrù yàtọ̀ sí ọkọ̀, kò sì gbowó oṣooṣù lórí ìyẹn. Ó ń tọ́jú fídíò wákàtí díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ óò san owó oṣooṣù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tiẹ̀ ní kámẹ́rà mẹ́rin márùn-ún, owó kan ṣoṣo ló kárí gbogbo wọn. Àléébù rẹ̀? Aago oníbátìrì ti 2021, odindi rẹ̀ lẹ óò tú kúrò lára ògiri kí ẹ tó fún un níná. Google náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọmọ sílẹ̀: ní oṣù kẹwàá 2025, wọ́n já irú ẹ̀rọ ooru Nest méjì àkọ́kọ́ kúrò lórí fóònù àwọn tó rà á.

Eufy ni tèmi. Anker, àwọn tó ń ta power bank, ló ni ín. Ọjà ni wọ́n mọ̀ ọ́n tà, torí náà ẹ ó sanwó lẹ́ẹ̀kan, inú àpótí kékeré nínú ilé yín tàbí inú aago fúnra rẹ̀ ni fídíò yóò máa sùn. Aago wọn kan, E340, ní kámẹ́rà kejì tó ń wo ilẹ̀, ẹ óò rí páálí tí wọ́n gbé sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Àmọ́ ẹ má fọkàn tán wọn pátápátá. Ní 2022, ẹnì kan tú àṣírí pé àwọn àwòrán kan ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsọ fún oníǹkan; wọ́n jẹ́wọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e pé ààbò náà kò tó bí àwọn ṣe polongo rẹ̀.

Èyí tó wù kí ẹ rà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ rántí aládùúgbò. Ní 2021, ilé ẹjọ́ kan ní Oxford dá onílé kan lẹ́bi lórí àwọn kámẹ́rà rẹ̀, Ring wà lára wọn. Ohùn tí wọ́n ń gbà láti ọ̀nà jíjìn wà lára ohun tó bí adájọ́ nínú. Ẹ dín ibi tí kámẹ́rà ń wò kù, ẹ pa gbohùngbohùn tí ẹ kò bá nílò rẹ̀.

Ẹ̀yin tó fẹ́ gbé e lọ sílé ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Ibi tí géètì wà, Wi-Fi kì í sábà dé ibẹ̀, bí iná bá sì lọ, Wi-Fi lọ. Fídíò tó ń gòkè lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán tòru yóò jẹ dátà bí ẹní jẹ iṣu, ìdí nìyí tí mo fi máa ń tọ́ka sí èyí tó ń tọ́jú fídíò sílé. Kí ẹ tó náwó, ẹ ní kí ẹnì kan dúró ní géètì, kó lo Wi-Fi ilé, kó fi fídíò WhatsApp pè yín. Bí ojú rẹ̀ bá ń gan sójú kan, tí ohùn rẹ̀ ń já, ẹ kọ́kọ́ ra ohun tí yóò gbé Wi-Fi dé ibẹ̀, pẹ̀lú bátìrì tí yóò mú un dúró nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ.