Baiae lábẹ́ omi: sónà tàbí fọ́tò?

Ní Baiae, nítòsí Naples ní Ítálì, ọ̀pọ̀ ilé àwọn ọlọ́lá Róòmù ló ti rì sínú òkun, bíi mítà 5 péré sísàlẹ̀.

Láti ya àwòrán wọn sórí máàpù, sónà multibeam (ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀pọ̀ ìró wọn bí ilẹ̀ òkun ṣe jìn tó lẹ́ẹ̀kan náà) yá, omi dúdú kì í dí i lọ́wọ́. Àmọ́ níbi tí omi ò ti jìn, ìwọ̀nba ló ń kárí lẹ́ẹ̀kan: bíi mítà 15 sí 20 ní fífẹ̀. Bí ẹ kò bá wọn bí ìró ṣe ń yára sí nínú omi lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ pẹrẹsẹ á hàn lórí máàpù bíi pé ó ká létí bí àwo.

Fún ilẹ̀ mósáíkì (ilẹ̀ ilé tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́), fọ́tò ni mo fara mọ́. Sónà ò mọ àwọ̀. Kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan gorí ìkejì tó ìdá 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ọ̀pá ìwọ̀n sì hàn níbẹ̀. Koríko òkun tó ń mì ló ń da kọ̀ǹpútà tó ń so àwọn fọ́tò náà pọ̀ rú.