Workload Estimator ti Wake Forest: ohun tí mo rí nígbà tí mo fi ṣírò wákàtí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi n'Ílọrin

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ṣètò kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbìyànjú Workload Estimator ti Yunifásítì Wake Forest ní Amẹ́ríkà wò. Ohun èlò ìṣírò orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ ó kọ iye ojú ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ máa kà lọ́sẹ̀ sí i, bí ìwé náà ṣe le tó, àròkọ àti ìdánwò, yóò sì bá yín ro iye wákàtí tó máa gbà.

Ibi ìwé kíkà ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ìwé tí kò ní ohun tuntun, tí èèyàn kàn fẹ́ fojú gba inú ẹ̀ kọjá, wọ́n ṣírò rẹ̀ sí ojú ìwé 67 ní wákàtí kan. Èyí tí ọ̀rọ̀ kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, tí ohun tuntun pọ̀ níbẹ̀, tó sì gba àròjinlẹ̀, 5 péré ni. Orí kan tó jẹ́ ojú ìwé 30 nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ni nípa ilẹ̀ oko di wákàtí 6 lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ yúníìtì 2 ni kọ́ọ̀sì náà! NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì ní Nàìjíríà, ka yúníìtì 1 sí wákàtí 15 ní sẹmẹ́sítà kan. Ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn o. Àkókò tí ọmọ fi ń dá jókòó ti ìwé kò sí nínú ẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ sí.

Ti àròkọ náà dára. Ojú ìwé kan tó ní ọ̀rọ̀ 250, tó bá jẹ́ ti ìwádìí tí wọ́n ń tún kọ léraléra, wákàtí 5.

Ibi tó kù sí ni pé kò mọ̀ pé fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ tiwa ní Tańkẹ̀ fi ń kàwé. Mo wo akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń fi ìka fẹ àtẹ inú PDF, ó fà á sọ́tùn-ún, ó fà á sósì. Kó tó dé ìparí ìlà, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti kúrò lójú ẹ̀, ó tún ní láti padà. Ta ló ń ka ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn? Ká má tíì sọ ti iná tó lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Estimator náà gbà kéèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ yí iye náà. Mo ní káwọn ọmọ máa kọ ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n parí, iye tiwọn ni mo wá fi sí i.

Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń ṣírò lẹ́ẹ̀kan, akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í ṣe kọ́ọ̀sì kan. Àwa tí a jọ ń kọ́ ìpele kan náà ló yẹ ká kó èsì wa jọ, ká rò ó pọ̀, kí sẹmẹ́sítà tó wọlé.