Yẹ́lò káàdì orí ẹ̀rọ: ibi tó ti dára, àti ibi tó ṣì kù díẹ̀ káàtó

Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ètò yẹ́lò káàdì orí ẹ̀rọ, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé arìnrìn-àjò ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú (yellow fever). Kó tó di 2019 tí Nàìjíríà gbé yẹ́lò káàdì orí ẹ̀rọ dé, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè ra káàdì lọ́dọ̀ àwọn alágbàtà láìjẹ́ pé abẹ́rẹ́ kan ara rẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2012, ọ̀rọ̀ káàdì yìí ni Gúúsù Áfíríkà torí rẹ̀ dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà láti pápákọ̀ òfuurufú. Ní báyìí, káàdì ní àmì QR: wọn á fi fóònù yẹ̀ ẹ́ wò, orúkọ oníkáàdì á sì jáde.

Ẹ ó forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó sanwó (náírà 2,000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀), ẹ ó wá mú rìsíìtì àti páásípọ́ọ̀tì lọ sí ọ́fíìsì Port Health, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ibodè. Ibi ìforúkọsílẹ̀ gan-an ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Páásípọ́ọ̀tì ní Adébáyọ̀, ẹni náà tẹ Báyọ̀. Tàbí ìyàwó ilé fi orúkọ ọkọ síbẹ̀ nígbà tí orúkọ bàbá ṣì wà nínú páásípọ́ọ̀tì. Bí páásípọ́ọ̀tì yín bá ti fẹ́ parí, ẹ kọ́kọ́ gba tuntun, torí nọ́ńbà rẹ̀ á yí padà.

Tí ẹ bá dé iwájú nọ́ọ̀sì, ẹ má tijú láti ní kí wọ́n fi ìgò oògùn hàn yín. Ìyẹ̀fun ló wà nínú rẹ̀, omi tirẹ̀ ni wọ́n fi ń pò ó. Lára ìgò náà ni àmì róbótó kan wà tó ní igun mẹ́rin kékeré láàárín. Tí àárín yẹn bá ti dúdú tó róbótó tó yí i ká, ooru ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ìwọ̀n ooru 2 sí 8 lórí Celsius ló yẹ kó máa gbé, tí wọ́n bá sì ti pò ó, wákàtí mẹ́fà péré ló ní. Ìdí rèé tí ibi tí wọ́n ti ń lo ìgò ènìyàn mẹ́wàá fi máa ń ní kí ẹni tó nìkan dé dúró de àwọn yòókù. Ẹ bá wọn mú sùúrù. Oògùn tí wọ́n ti pò láti àná kò wúlò mọ́.

Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá gbà á lọ́jọ́rú tó fẹ́ wọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ Àìkú ti pẹ́. Àmọ́ láti ọjọ́ 11 oṣù Keje 2016, títí ayé ni abẹ́rẹ́ kan fi ń ṣiṣẹ́, kódà kí wọ́n kọ ọdún mẹ́wàá sára káàdì àtijọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gún yín lásán.

Ohun tó jẹ́ kí n yọ máàkì kan ni ìbéèrè nípa ìlera ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n máa ń sáré kọjá. Kòkòrò ibà pọ́njú tó wà nínú oògùn yìí ṣì wà láàyè, wọ́n kàn sọ ọ́ di aláìlágbára ni. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án, aboyún, ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba ẹyin, ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, àti ẹni tó ti lé ní 60 ọdún tí kò gbà á rí gbọ́dọ̀ rí dókítà ná. Àwọn àgbà tó ń lọ Mẹ́kà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Tí dókítà bá ní kí ẹni náà má gba abẹ́rẹ́, kí dókítà kọ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún un. Orílẹ̀-èdè tí ẹni náà ń lọ ni yóò pinnu bóyá òun á gba ìwé náà.

Kí ẹ tó kúrò lórí ìjókòó, ẹ wo ọjọ́, òǹtẹ̀, ìbuwọ́lù àti nọ́ńbà oògùn tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ fi fóònù yín yẹ àmì QR wò níbẹ̀. Bí orúkọ bá jáde bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tì, ẹ lè máa lọ.