Printful, Printify àbí heat press ní Kàbà: ibo ló yẹ kí owó yín lọ?

Ẹ̀yin tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù pólò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí wọn ò ní tẹ aṣọ kankan àfi tí oníbàárà bá ti sanwó, ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yìí: ta ló máa wọ aṣọ náà, ibo ló sì ń gbé? Tó bá jẹ́ ọmọ Ìsánlú, nílẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, tó wà ní Houston ni, ọ̀nà kan wà fún un. Tó bá jẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Mọ̀pà tó ń múra ọdún ni, ọ̀nà mìíràn ni. Iye owó ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ wò. Ìgbà tí wọ́n bá wá gbé pólò kan láti òkèèrè dé Ìyàrà ni wọ́n máa ń rí i pé owó ọkọ̀ ti ga ju owó aṣọ lọ, láìtíì ka owó kọ́sítọ́ọ̀mù.

Nítorí náà, mo máa fi Printful àti Printify, ilé-iṣẹ́ méjì tó ń bá yín tẹ aṣọ, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà, wéra fún ẹni tí oníbàárà rẹ̀ wà lókè òkun, lẹ́yìn náà ni mo máa gbé heat press, ẹ̀rọ gbígbóná tó ń lẹ àwòrán mọ́ aṣọ, wá fún ẹni tí oníbàárà rẹ̀ wà nílé.

Printful àti Printify

Ọdún 2013 ni Printful bẹ̀rẹ̀, Printify dé ní 2015, ọmọ Latvia ló sì dá méjèèjì sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n kéde pé àwọn ti da ilé-iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Síbẹ̀, bí ẹ ṣe máa bá wọn ṣòwò kò tíì di ọ̀kan náà.

| | Printful | Printify |
|---|---|---|
| Ta ló ń tẹ̀ ẹ́ | Ilé ìtẹ̀wé tiwọn ló ń tẹ èyí tó pọ̀ jù | Àwọn ilé ìtẹ̀wé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀yin lẹ máa yàn |
| Owó aṣọ | Ó sábà máa ń ga jù | Ó sábà máa ń rẹlẹ̀ jù |
| Bí iṣẹ́ ṣe rí | Ó dọ́gba láti òní dé ọ̀la | Ọwọ́ ilé ìtẹ̀wé tí ẹ yàn ló wà |
| Owó ìbẹ̀rẹ̀ | Kò sí | Kò sí |

Ìlà kẹta yẹn ni kí ẹ fojú sí. Lórí Printify, ẹ lè rí pólò kan náà, Gildan 5000 bí àpẹẹrẹ, lọ́dọ̀ ilé ìtẹ̀wé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí àwọ̀ pupa ti ọ̀kan jọ ẹ̀jẹ̀, kí ti èkejì jọ osùn. Bí ẹ bá ti rí ilé ìtẹ̀wé tó dáa, ẹ má tìtorí sẹ́ǹtì mélòó kan kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi gan-an, Printful ni mo máa sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pé kó lò. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá ti ń rìn, tó sì ní sùúrù láti ra àpẹẹrẹ lọ́dọ̀ ilé ìtẹ̀wé méjì-mẹ́ta, kó lọ sí Printify.

Printify tún ní ètò kan tí wọ́n ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù, tó ń dín owó aṣọ kù. Ẹ má sáré wọ̀ ọ́. Ẹ fi iye tí wọ́n ń dín lórí pólò kan pín owó oṣù náà. Iye pólò tó bá jáde níbẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ máa tà lóṣù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jèrè nínú ètò ọ̀hún. Bí ọjà yín kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni kí ẹ ṣì máa lò.

Owó

Ibí ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kọsẹ̀. Oníbàárà máa sanwó fún yín, àmọ́ kí owó yẹn tó wọ báńkì yín, Printful tàbí Printify á ti yọ owó aṣọ àti owó ìfiránṣẹ́ lórí káàdì tiyín, ní dọ́là. Láti 2022 ni ọ̀pọ̀ báńkì ti ń dá káàdì náírà dúró pé kó má ṣe ná owó lókè òkun mọ́. Àwọn kan ti ṣí i padà, àwọn kan ṣì fi gbèdéke sí i. Ohun tó dá mi lójú jù ni àkáǹtì dọ́là pẹ̀lú káàdì tirẹ̀. Kí owó tó tó pólò márùn-ún ó kéré tán máa wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, torí bí káàdì bá kọ̀, aṣọ oníbàárà á kàn jókòó síbẹ̀ láìtẹ̀ ni.

Ní ti gbígba owó, WooCommerce, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní owó oṣù tirẹ̀, ó ń bá Printful àti Printify ṣiṣẹ́, ó sì ń gba Paystack, ilé-iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lórí káàdì òkèèrè, 3.9% àti ₦100 ni Paystack ń gé. Ká ní ẹ ta pólò kan ní dọ́là 28, owó aṣọ jẹ́ 13, ìfiránṣẹ́ jẹ́ 5. Dọ́là 10 ló ṣẹ́kù. Paystack á mú bíi dọ́là kan àti ₦100 náà nínú rẹ̀, ó wá ku nǹkan tó dín díẹ̀ ní dọ́là 9. Ẹ ò tíì ka ìpolówó àti dátà o.

Ẹni tó ń rò ó láti tà lórí Etsy, ọjà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì, kó kọ́kọ́ wo àkójọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń sanwó fún kó tó ya àwòrán kankan. Ẹ má sì lo orúkọ àti àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní London bí kì í bá ṣe òun ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹni tó ni àkáǹtì wá fi ara rẹ̀ hàn ni ọ̀rọ̀ á di wàhálà.

Redbubble, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn, ńkọ́? Wọ́n á gbé ọjà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún wá oníbàárà. Ṣùgbọ́n láti 2023 ni wọ́n ti ń gé owó àkáǹtì lára èrè àwọn tó wà ní ìpele ìsàlẹ̀, orúkọ Redbubble ni oníbàárà sì máa mọ̀ ju tiyín lọ. Kò burú fún ẹni tó kàn fẹ́ dán an wò.

Heat press nílé

Bí oníbàárà bá wà ní Kàbà, Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, ẹ gbàgbé òkèèrè. Ọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ẹ ra pólò aláìlámì, kí ẹ ní kí wọ́n tẹ àwòrán yín sórí fíìmù DTF (ọ̀rá tí ooru fi ń mú kí àwòrán orí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ aṣọ) ní Èkó, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ ní wébíìlì, kí ẹ wá fi heat press lẹ̀ ẹ́ nígbà tí oníbàárà bá dé. Àwòrán kékeré ogún lè wà lórí fíìmù mítà kan. Owó wébíìlì kan ṣoṣo sì ni, nígbà tí ẹni tó ń ní kí wọ́n tẹ pólò kọ̀ọ̀kan wá láti Èkó ń san tirẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀rọ tí àwo rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 38 níbùú lóròó ti tó. Àmọ́ iná ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ bíi wátì 1,400 sí 1,800. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní I-better-pass-my-neighbour kò lè gbé e, ẹ má tiẹ̀ dán an wò. Tó bá jẹ́ pé iná AEDC nìkan lẹ gbójú lé, ẹ bi àwọn aládùúgbò ṣọ́ọ̀bù náà léèrè bí iná ṣe ń wá sí kí ẹ tó san owó ilé. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ owó epo kún owó pólò.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí: ẹ kọ́kọ́ tẹ aṣọ lásán fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kí ọ̀rinrin inú rẹ̀ jáde, pàápàá lásìkò òjò. Ẹ wá fi fíìmù lé e, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bí 150 sí 160°C fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 15, kí ẹ ṣí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ta fíìmù bá ṣe wí, àwọn kan ní gbígbóná, àwọn kan ní títutù. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé bébà tí kì í lẹ̀ lé e, kí ẹ tún un tẹ̀. Ẹni tó bá fo títẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, aṣọ rẹ̀ ló máa ń tètè bó létí. Fíìmù tó bá ṣẹ́kù, ẹ dì í sínú ọ̀rá kó má gba ọ̀rinrin.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sublimation, ìyẹn títẹ̀ tí ooru ń sọ yíǹkì di èéfín kó lè wọ inú aṣọ, rọ́pò rẹ̀ fún yín. Nínú aṣọ, pọlísítà aláwọ̀ fífẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni ìyẹn ń mú. Lórí aṣọ òwú, yóò ṣá dànù bí wọ́n bá ń fọ aṣọ náà. Ó dára fún kọ́ọ̀pù tí wọ́n ti kun ara rẹ̀ ní nǹkan tó ń gba irú yíǹkì bẹ́ẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ kan bá sì fẹ́ ọgọ́rùn-ún pólò aláwọ̀ kan ṣoṣo fún ọdún iṣu tuntun ní Ògìdì, ẹ gbé e fún oníṣẹ́ skíríìn, ìyẹn ẹni tó ń gba yíǹkì kọjá lára asẹ́ sórí aṣọ. Owó rẹ̀ á rẹlẹ̀ ju DTF lọ.

Àmì orí ọ̀rọ̀

Ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn, ohun tó ń ba pólò àwọn ọmọ Òkun jẹ́ jù ni àmì ohùn. Ẹ kọ «Ọ̀rẹ́ mi» sí ìwájú pólò, ẹ wá lo fọ́ǹtì aláràbarà kan, àmì orí Ọ̀ á fò lọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Ìdí ni pé àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè kò sí pa pọ̀ nínú lẹ́tà kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà. Fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe tò wọ́n. Noto Sans mọ̀ ọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni lórí Google Fonts. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà di àwòrán PNG tí kò ní ẹ̀yìn funfun, ní 300 DPI, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Báàjì ilé-ìwé yín àtijọ́ kì í ṣe tiyín. Ẹ gba ìyọ̀ǹda kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má tiẹ̀ sún mọ́ ọn.

Tí aṣọ bá dé, tí kò bá tó o

Printful àti Printify á tún aṣọ tó bàjẹ́ tẹ̀ bí ẹ bá fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 30 tó dé ọwọ́ oníbàárà. Ẹni tó bá yan ìwọ̀n tó kéré jù fúnra rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ru ẹrù yẹn. Ẹ gbé àtẹ ìwọ̀n sábẹ́ pólò kọ̀ọ̀kan, ní ínṣì àti sẹ̀ǹtímítà. Kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé kí wọ́n fi pólò tó bá wọn mu nílé wọn wọ̀n ọ́n wò kí wọ́n tó sanwó.