Ìyẹ̀fun ewé fún màlúù nígbà ooru: ohun tí mo rí nínú àpò mẹ́ta

Wàrà ni mo ń sè tà ní Òṣogbo, màlúù mi mẹ́fà sì wà lọ́nà Ìdó-Ọ̀ṣun. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ màlúù funfun àwọn Fúlàní, ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn méjì tó kù, akọ Friesian, irú màlúù òyìnbó kan tó máa ń fún ni ní mílíìkì púpọ̀, ni bàbá wọn. Àwọn ló ń fún mi ní mílíìkì jù, àwọn náà ni ooru ń fìyà jẹ jù.

Lóṣù Kẹta, nígbà tí afẹ́fẹ́ ti rin, tí òógùn ò sì tètè gbẹ lára ẹran, mo dúró ti Àjọkẹ́, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yìí, lọ́sàn-án, mo ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan: 84. Tó bá ti kọjá 60, ooru ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Ó ń mí gúlegúle, itọ́ ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò sì jẹ àpọ̀jẹ. Itọ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù, torí òun ló yẹ kó wọlé lọ pa kíkan inú ẹran. Tó bá ti ń dà sílẹ̀ báyìí, inú á máa kan. Láti lítà 6 lóòjọ́ nígbà ọyẹ́, Àjọkẹ́ ti wálẹ̀ sí 4.

Ọmọkùnrin kan tó ń ta oúnjẹ ẹran ní Ìgbóná ló fi ìyẹ̀fun náà hàn mí, ₦6,500 fún àpò kílò kan. "Màmá, ẹ lọ dán an wò, mílíìkì yín á di ìlọ́po méjì." Wọ́n kọ ata ilẹ̀, ata ilẹ̀ pupa, ewúro àti móríńgà sára àpò, wọn ò kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó. Gíráàmù 50 lóòjọ́ ni màlúù kan máa jẹ, nítorí náà ọjọ́ 20 ni àpò kan.

Mi ò fún àwọn méjèèjì pọ̀. Àjọkẹ́ jẹ ẹ́ fún ọjọ́ 10, àbúrò rẹ̀ ń jẹ oúnjẹ lásán, lẹ́yìn náà mo pààrọ̀ wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Àjọkẹ́ gbóòórùn ewúro, ó yí orí kúrò. Mo pò ó mọ́ èérí àgbàdo tútù, ó jẹ ẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó ń lá ìdí ọpọ́n. Mílíìkì rẹ̀ gòkè sí lítà 4 àtààbọ̀, ti àbúrò rẹ̀ náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó kàn án. Kì í ṣe ìlọ́po méjì rárá, ṣùgbọ́n lítà 10 ni mo rí gbà padà lórí ₦6,500. Wàrà ò yí àwọ̀, kò sì rùn.

Àpò kejì ló bí mi nínú. Mo ṣí i, ó ti dì, ó ti bu lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò fún ẹran ní ẹyọ ṣíbí kan. Májèlé inú oúnjẹ tó bu máa ń gba inú mílíìkì jáde, sísè wàrà kì í sì í pa á, àwọn ọmọdé ló sì ń ra wàrà mi jù. Ẹni tó tà á fún mi pààrọ̀ rẹ̀, kò jiyàn.

Kí n tó ṣí ẹ̀kẹta, mo ní kí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ibi tí wọ́n ń dúró sí, mo gbé dírọ́ọ̀mù omi sábẹ́ ibòji, mo sì sún oúnjẹ tó pọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, torí dídà oúnjẹ nínú ẹran fúnra rẹ̀ ń mú ooru wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn méjèèjì dé lítà 5, láìsí ìyẹ̀fun. Nígbà tí mo fi ìyẹ̀fun kún un, wọ́n ń jẹun kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mílíìkì ò kúrò ní 5. Iyọ̀ tí òógùn ń gbé lọ náà, ìyẹ̀fun ò dí i. Mo ṣì ń gbé iyọ̀ líla sílẹ̀ fún wọn.

Màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí kò fẹ́ jẹun nínú ooru, ni màá tún rà á fún. Mo ti sọ fún ọmọkùnrin yẹn kó bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é: kí wọ́n kọ ìwọ̀n ewé kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí wọ́n dì í sára àpò. Títí dìgbà yẹn, iwájú rẹ̀ ni màá ti máa tú àpò wò kí n tó sanwó.