Ṣọ́ọ̀bù etí òkun àbí ti inú ìlú?

Ṣọ́ọ̀bù kékeré méjì, ìlú kan náà: ọ̀kan kọjú sí òkun, èkejì wà lójú títì inú ìlú. Ti etí òkun ló máa ń wu èèyàn. Èrò máa ń wọ́ lọ síbẹ̀ lásìkò ìsinmi. Àmọ́ ẹ fọwọ́ pa ìlẹ̀kùn irin rẹ̀ wò, ìpẹtà á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ló ń jẹ ẹ́. Ó tún lè wọnú kọnkéré, kó jẹ irin inú rẹ̀ títí ògiri á fi sán. Owó adójútòfò omíyalé ńkọ́? Ti inú ìlú ò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́wà, ṣùgbọ́n oníbàárà rẹ̀ kì í bá àsìkò ìsinmi lọ. Òun ni èmi á mú, bí àyè ìgbọ́kọ̀sí bá ti wà.