Ilé Ìlọ́jọ̀ àti Igbó Ọ̀ṣun: Òfin Nìkan, Tàbí Òfin Pẹ̀lú Aráàlú?
Ọdún 1956 ni ìjọba kéde ilé Ìlọ́jọ̀, tí àwọn Àgùdà (àwọn tó padà wálé láti Brazil) kọ́ sí Ìta Tinúbú l'Ékòó, gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ó dùn mí púpọ̀. Ní Òṣogbo, kí òfin tó sọ Igbó Ọ̀ṣun di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965 ni àwọn olórìṣà, Susanne Wenger (oníṣẹ́ ọnà láti Austria) àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí ti ń tún àwọn ojúbọ inú Igbó Ọ̀ṣun ṣe, tí UNESCO sì fi igbó náà sí ara ogún àgbáyé ní 2005. Lóòótọ́, ilẹ̀ àárín Èkó gbówó lórí ju ilẹ̀ igbó lọ. Síbẹ̀, ọ̀nà ti Òṣogbo ni mo fara mọ́, nítorí pé àwọn tó ń bọ Ọ̀ṣun lọ́dọọdún kò ní í ṣàìmọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ojúbọ wọn.